Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Gbé Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Tuntun Dìde Ní Yunifásítì Ìjọba

Nígbà tí ìròyìn bá dé sí Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin pé yunifásítì ìjọba fẹ́ ṣí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tuntun, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gbà ni a máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe ka akẹ́kọ̀ọ́ kí ẹ tó ka olùkọ́. Nínú ètò LMD (oyè mẹ́ta tó tẹ̀ léra: Licence, Master àti dókítà) tí a ń lò ní ilẹ̀ Benin, níbi tí sáà méjì ti jẹ́ ọdún kan, sáà 6 àti kírẹ́dítì 180 ni oyè Licence, sáà 4 àti kírẹ́dítì 120 sì ni Master. Àwọn tí ẹ gbà lọ́dún yìí yóò ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ti ọdún tí ń bọ̀ àti ti èyí tó tẹ̀ lé e bá dé, olùkọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò sì máa dúró dè.

Bí a ṣe ń lo àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́ ni ó ń dùn mí jù. CAMES, àjọ ẹ̀kọ́ gíga ti Áfíríkà àti Madagascar tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Ouagadougou, ni ó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó gòkè láti ipò kan sí òmíràn, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde sì wà lára ohun tí ó ń wò gidigidi. Ẹ má ṣe kó ẹ̀kọ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí, kí ẹ tún wá sọ ọ́ di akọ̀wé ẹ̀ka. Bí kò bá gòkè, ta ni yóò darí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ oyè dókítà lọ́la, níbo sì ni ẹ̀ka náà yóò ti rí arọ́pò?

Ẹ má ṣe da ìlànà ẹ̀kọ́ yunifásítì mìíràn kọ odindi. Kétu ní yunifásítì ìjọba tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ẹ̀ka tí ó bá wà nírú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí ó yí i ká, bí ó ti yẹ kí ti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ káṣú àti iṣu. Ẹ má sì ra ẹ̀rọ yàrá ìwádìí láì wá ẹni tí yóò máa tún un ṣe.

Mo mọ ẹ̀ka kan tí n kò ní dárúkọ, tí máàkì ọdún mẹ́ta wà nínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa kan ṣoṣo, nínú àpótí olórí ẹ̀ka. Àìsàn dá olórí náà dùbúlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, wọ́n ń dúró de ìwé máàkì tí wọ́n fẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn, títí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ fi kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣe ẹ̀dà ìwé máàkì ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà, kí ẹnìkejì sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.