Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀yìn Ẹṣin Gbẹ Kí Ẹ Tó Di Í Ní Gàárì: Ìtọ́sọ́nà fún Ojúde Ọba

Ìwé yìí wà fún àwọn ìdílé Balógun, ìyẹn ìran àwọn olórí ogun Ìjẹ̀bú, àti ẹnikẹ́ni tó máa gun ẹṣin wá sí ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ì báà jẹ́ ẹṣin ilé, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ háyà láti Òkè Ọya. A kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fún ẹṣin lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ la bá wá.

Lọ́dún tó kọjá, mo dúró ti ẹṣin funfun kan nígbà tí wọ́n ń tú gàárì rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Aṣọ àrán abẹ́ gàárì ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Bí wọ́n ṣe fà á, awọ bá a jáde, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, níbi tí irun ọrùn parí sí gan-an. Ẹṣin náà kàn ń gbọ̀n ni. Mo bi ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè. Aago 6 àárọ̀ ló wẹ̀ ẹ́, aago 7 ló di í ní gàárì.

Ìwẹ̀ ìdájí yìí là ń bá yín sọ lọ́dọọdún. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ọjọ́ kejì Iléyá ni kí ẹ wẹ ẹṣin, láago 10 àárọ̀, kí oòrùn lè rí i gbẹ. Garawa omi 3: ọ̀kan fún ọṣẹ dúdú, 2 fún ṣíṣàn án. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ kàn án rárá.

Irun gígẹ̀ ti gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ 7 ṣáájú Iléyá. Kí ara ẹṣin mọ́, kó sì gbẹ, kí kílípà tó kàn án. Ẹ máa kán epo sí i ní ìṣẹ́jú 10-10, kí ẹ sì máa fi ẹnu rẹ̀ kan ọrùn ọwọ́ ara yín. Bó bá jó yín, ó ń jó ẹṣin náà. Ẹ gé irun òkè pátákò àti ibi tí okùn ìjánu ń gbà lẹ́yìn etí, kó má ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹ fi inú etí sílẹ̀. Ẹ má sì fá ẹ̀yìn rẹ̀! Àwọn kan ń fá a kó lè máa dán, bẹ́ẹ̀ irun yẹn ni tìmùtìmù tí Ọlọ́run fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nìkan ni. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ áńkáṣíìfù funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ka 30. Bó bá rin tàbí tó mú ìdọ̀tí, ẹ má tíì gbé gàárì. Aṣọ òwú mímọ́ ni kó kan awọ, kí àrán tó gùn ún. Kí ìka 2 lè wọ abẹ́ okùn ikùn.

Bí òjò bá pa á, ẹ tú gàárì, ẹ nù ún, ẹ pààrọ̀ aṣọ òwú náà. Bó bá ku ìdílé 3 kó tó kàn yín láti gun ẹṣin kọjá níwájú ọba, kí ló dé tí ẹ ṣì jókòó lé e? Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dẹ okùn, ẹ gbómi fún un.

Bí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti bó, ẹ fi omi iyọ̀ wẹ ojú egbò náà: ṣíbí tíì 1 nínú ìdajì lítà omi tí ẹ sè tó sì ti tutù. Ẹ má fi epo ọkọ̀ kàn án. Ẹ pe dókítà ẹran, kí gàárì má sì padà sórí rẹ̀ títí irun tuntun yóò fi hù níbẹ̀.