Ìpè sí iṣẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ tó dé ní nǹkan bí ọmọ 50 ọdún sókè: ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ẹ tó fiṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ má tíì kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ìpè tó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kò ní tutù láàárín ọdún kan tí ẹ fi ń múra, àmọ́ lẹ́tà tó bá ti dé ọwọ́ ọ̀gá ṣòroó gbà padà. Bàbá Adébóyè di olórí ìjọ Rìdíìmù ní 1981; 1984 ni wọ́n tó fi iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì sílẹ̀ pátápátá.

Ọkọ tàbí aya yín ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Ìyàwó tó bá jẹ́ pé orí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ lásìkò ẹ̀rí lè má sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti kó ẹrù tẹ̀lé e dé ìlú tí wọ́n bá rán an lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá àlùfáà yín. Ní Áńtíókù, ìjọ ló gbààwẹ̀ tó gbọ́wọ́ lé Bánábà àti Sọ́ọ̀lù (Ìṣe 13:2-3). Ẹ tọrọ iṣẹ́ tí èèyàn kì í rí: ìbẹ̀wò ilé ìwòsàn, kíláàsì ìrìbọmi, jíjókòó ti ọlọ́fọ̀. Ẹ ṣe é fún ọdún kan gbáko. Bó bá jẹ́ ìwàásù nìkan ló ń wù yín, tí ìbẹ̀wò ti sú yín lóṣù kẹta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ oníwàásù láàárín ọmọ ìjọ ni wọ́n pè yín sí. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì gba kí ẹ fi ọ́fíìsì sílẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni kí ẹ gbé lọ sí ọ́fíìsì àgbà ìjọ yín: ọmọ ọdún mélòó ni wọn kì í fi òróró yàn mọ́, ọmọ ọdún mélòó sì ni òjíṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì? Ẹni ọdún 57 tó bá lo ọdún 4 nílé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ yóò jáde ní 61. Bí ìfẹ̀yìntì bá jẹ́ 65, ọdún 4 péré ló kù. Bí ẹ bá ti ní dìgírì kankan, ẹ béèrè nípa Master of Divinity, dìgírì kejì fún iṣẹ́ òjíṣẹ́, tó sábà máa ń gba ọdún 3. Àwọn Onítẹ̀bọmi ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1898. Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì ń lo Immanuel College ní Ìbàdàn.

Owó ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, ẹni tí kò tíì pé 50 tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kò lè gbà ju ìdá 25 nínú 100 owó tó fi pamọ́, ó sì di ìgbà tó bá lo oṣù 4 láìríṣẹ́ mìíràn. Ẹni ọdún 49, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Ẹ béèrè iye tí ìjọ ń san fún òjíṣẹ́ tuntun. Fún oṣù 6, iye yẹn nìkan ni kí ẹ fi jẹun, kí ẹ fi sanná, kí ẹ fi wọkọ̀; kí ìyókù owó oṣù yín wọ báǹkì. Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù, tí ife bá ti ń ha ìsàlẹ̀ ike gààrí, ẹ kọ ohun tí ẹ kò lè rà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ ẹgbẹ́, kò burú. Bó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àkókò kò tíì tó.

Ilé mísọ̀n tí ìjọ fi òjíṣẹ́ sí kì í ṣe tiyín. Lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì ẹ óò kó jáde; bí òjíṣẹ́ bá kú, opó rẹ̀ ni yóò kó jáde. Kí yàrá méjì tó ti lórùlé wà níbì kan kí ẹ tó lọ. Ẹ má sì fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni yòówù kó sọ pé irúgbìn ni.

Alábòójútó yín lè kéré sí àbíkẹ́yìn yín. Bó bá wọlé, ẹ dìde, ẹ pè é ní “Sà”. Àwọn tó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni èyí máa ń nira fún jù.

Òṣìṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kí lẹ́tà ìfẹ̀yìntì yín ti wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ fi sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àti ti ìgbéga tó kẹ́yìn.