Bí mo ṣe ń mu kọfí láìjẹ́ kí ikùn mi yọ

Lọ́dọ̀ màíṣáyì ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ wa, kọfí mi tẹ́lẹ̀ máa ń ki bí ògì: mílíìkì alágolo tó ṣù, ṣúgà oníhóró méje. Á máa dà á láti inú ife kan sí èkejì títí yóò fi yọ ìfóòfó. Ṣòkòtò mi kò wọlé mọ́, mo wá ń di ẹ̀bi ru kọfí.

Kọfí kọ́. Ife kọfí dúdú kan kì í sábà ju kálórì 5 lọ (kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Hóró ṣúgà kan tó bíi kálórì 16. Ẹ bá mi ṣírò méje.

Ní báyìí, ṣíbí ìpotíì kọfí kan, omi gbígbóná, mílíìkì bíńtín. Ẹ má fi ṣúgà sílẹ̀ lójijì o, ẹ ó padà sídìí ẹ̀ ni. Hóró kan ni mo ń yọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan; ọ̀sẹ̀ kẹta ló korò jù. Ti inú ọ̀rá tí wọ́n ti po mọ́ ṣúgà àti mílíìkì, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀ kí ẹ tó ya á.

Mi ò mu ún mọ́ tí aago méjì ọ̀sán bá ti kọjá. Kaféènì, èròjà inú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè sùn, ń lò tó wákàtí 5 kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, bí mi ò bá sì rí oorun sùn, sùyà ni mò ń wá kiri. Aláboyún kò gbọdọ̀ kọjá bí ife méjì lójúmọ́.

Ẹ má sì fi rọ́pò oúnjẹ àárọ̀. Mo dán an wò: kí aago mọ́kànlá tó lù, pọfpọ́ọ̀fù mẹ́fà ti wọlé.