Ẹ má gbé gbogbo iṣẹ́ lé rọ́bọ́ọ̀tì lọ́wọ́: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtọ́jú ọwọ́ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀

Èyí tó burú jù ni màá kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú lọ́wọ́ á gbé ọwọ́ lé rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn gbé ọwọ́ láti fi ṣe ìdárayá, á wá jókòó bí èrò inú mọ́tò, ẹ̀rọ á máa gbé ọwọ́ lọ gbé e bọ̀. Ọwọ́ ń lọ lóòótọ́ o, àmọ́ ọpọlọ ò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ inú ọpọlọ yẹn ni àìsàn ọ̀hún ti ṣọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àwọn rọ́bọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá gbìyànjú tí agbára yín ò gbé e dé ibẹ̀ ni wọ́n á tó ràn yín lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ lè máa ro nǹkan míì kí ọwọ́ ṣì máa lọ, ẹ sọ fún físíò yín, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú yín, kó dín ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ kù.

Àwọn kan tún rò pé torí owó gọbọi ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ yìí, ó ti ju físíò lọ nìyẹn. Rárá o. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní UK tí wọ́n pè ní RATULS, èèyàn 770 ló kópa, àbájáde ẹ̀ sì jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2019. Àwọn kan lo rọ́bọ́ọ̀tì MIT-Manus fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọwọ́ tiẹ̀ ń rìn dáadáa díẹ̀ sí i, àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ohun tí wọ́n lè fọwọ́ ọ̀hún ṣe, wọn ò sàn ju àwọn tó ń gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá kúrò nídìí ẹ̀rọ, ẹ fi ọwọ́ yẹn di ife mú, ẹ fi ṣílẹ̀kùn, ẹ fi nu tábìlì, kódà kó pẹ́ kó tó ṣe é. Ọwọ́ tó dá ṣáṣá ló máa ń gba gbogbo iṣẹ́ ṣe, àwọn ará ilé náà á sì máa sáré bá yín ṣe é, wọ́n rò pé àánú ni.

Géèmù ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa ń fi rọ́bọ́ọ̀tì ta náà ń tan èèyàn jẹ. Torí kí máàkì lè pọ̀, wọ́n á fi gbogbo ara tẹ̀ síwájú, wọ́n á sọ èjìká sókè. Máàkì pọ̀, ìgúnpá ò ṣiṣẹ́.

Ti èjìká, ẹ má fi ṣeré rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọwọ́ yẹn láti fi gbé yín dìde tàbí kó yín sórí àga, ó lè yẹ̀ lójú oríkèé. Tó bá ń dùn yín lórí ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ pa á mọ́ra.