Bí mo ṣe ka gbogbo “dín” inú òǹkà Yorùbá

Láti kékeré ni mo ti máa ń wá ètò nínú nọ́ńbà: mo máa ń ka àtẹ̀gùn tí mo bá ń gùn, mo sì máa ń ṣe àròpọ̀ nọ́ńbà ara ọkọ̀ tó bá wà níwájú wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Òǹkà tí mo ń fi ẹnu ara mi pè lójoojúmọ́ nìkan ni n kò tíì yẹ̀ wò, àfi ní ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n mú iná lọ, tí mo pinnu láti mọ iye ìgbà tí Yorùbá ń yọ nǹkan kúrò kí ó tó kà dé ọgọ́rùn-ún.

Mo fa ìlà márùn-ún sínú ìwé, mo sì kọ òǹkà ogún sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bíró pupa ni mo fi sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá ti gbọ́ “dín” nínú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo rí mẹ́rin lórí ìlà kìn-ín-ní, mẹ́sàn-án lórí èkejì, mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí mẹ́ta tó kù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 43. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mẹ́rin àti mẹ́sàn-án yẹn dà bí ẹnu tí eyín kan ti ká níbẹ̀.

Mo tún un kà sókè, díẹ̀díẹ̀, àṣírí ẹ̀ẹ́dógún sì tú. Etí kò gbọ́ “dín” nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àrún dín lógún ni. Ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà sì jẹ́ àrún dín lọ́gbọ̀n. Bí 43 ṣe di 45 nìyẹn.

Àádọ́ta ló gba àkókò mi jù. Màmá mi, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ọsàn, wà nítòsí, mo sì bi wọ́n pé kí ni ìtumọ̀ àádọ́ta. Wọ́n ní, “Ìbéèrè wo nìyẹn? Àádọ́ta ni àádọ́ta.” Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní, “Àbí ẹ̀wá dín lọ́gọ́ta ni?” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta. Ẹni tó bá yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ti dé àádọ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ni àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún. Nítorí náà, ọ̀kànléláàádọ́ta, tó ń fi “lé” ṣe fújà, ní “dín” lábẹ́ aṣọ, ẹ̀rìndínláàádọ́ta sì ní méjì: 60, yọ 10, yọ 4.

Mo fi pupa sí gbogbo wọn. Lórí ìlà kẹta, pupa bẹ̀rẹ̀ láti 45, kò sì já títí dé 59. Ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún rí bákan náà. Márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: 60 nínú 100. Ẹ̀wá àti ọgbọ̀n, tí wọ́n ní orúkọ tiwọn, ni kò jẹ́ kí ìlà méjì àkọ́kọ́ pé. Ká ní ẹ̀wá dín lógójì là ń pe ọgbọ̀n ni, ìlà kejì náà ì bá ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó ti gbé ní Ìjàyè, kọ̀wé lórí òǹkà wa ní 1887, ó sì so ètò rẹ̀ mọ́ owó ẹyọ tí wọ́n ń kà ní márùn-ún márùn-ún, tí ogún ọ̀wọ́ ń di ọgọ́rùn-ún. Mo gbà á gbọ́, nítorí bí Màmá ṣe ń ka ọsàn nìyẹn, méjì lọ́wọ́ kan, mẹ́ta lọ́wọ́ kejì. Lójú tèmi, ẹni tó ti ka ọ̀wọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ń di ogún, èyí tó kù ló ń wò, kì í ṣe èyí tó ti kà.

Kí ó lè dá mi lójú, mo fi ìlà mẹ́rin kún un dé ọgọ́sàn-án, mo sì dúró níbẹ̀, nítorí pé oríṣiríṣi ni à ń pe àwọn tó súnmọ́ igba nílé wa. Kò yẹ̀ lórí ìlà kankan: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń bá ṣáá, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan náà tó fi “dín” tirẹ̀ pamọ́ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.