Ìdí Ìrù Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ìgbà Àkọ́kọ́ Tí Mo Gbé Tricopter Fò

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi kan tricopter mi, ìyẹn dírónù onímọ́tò mẹ́ta, nínú ilé wa ní Leeds, ní ilẹ̀ England. Lọ́jọ́ tó fò dáadáa, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló lò lókè, mi ò sì lè fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ ohunkóhun.

Apá mẹ́ta ló ní, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, mọ́tò iná kékeré kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé e fò. Igi ni mo fi ṣe apá rẹ̀, bíi ti David Windestål, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí àwa tí à ń kàn án fúnra wa mọ̀ bí ẹni mowó. Igi dára: bó bá ṣẹ́, èèyàn á gé òmíràn.

Ìrù ló fi yàtọ̀ sí onímọ́tò mẹ́rin tó wọ́pọ̀. Abẹ̀bẹ̀ tó bá ń yí sápá kan máa ń fẹ́ yí ara ohun tó gbé e sí òdìkejì. Lára onímẹ́rin, méjì ń yí sọ́tùn-ún, méjì ń yí sósì, agbára wọn á pa ara wọn rẹ́. Ẹ̀ta ò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí servo kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún, fi wà lábẹ́ mọ́tò ẹ̀yìn, tó ń tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì kí imú lè dúró sójú kan. Ẹ ra servo tí eyín inú rẹ̀ jẹ́ irin, ẹ má ra oníke.

Mo ti ṣe ìdánwò CAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Britain, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ti lẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi mọ́ ọn lára. Bátìrì LiPo onílé mẹ́ta ni mo lò. Mo wọ̀n ọ́n, ó pé 12.6 volt, ìyẹn ni pé iná rẹ̀ kún.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi bá mi lọ sí pápá. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, mo rọra ti ọ̀pá òsì orí rìmóòtù mi, èyí tó ń gbé e sókè, síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lórí koríko. Kó tó gbéra tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòyì bí òkòtó. Mo já ọ̀pá náà sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ti kán.

"Ṣé kò bà ọ́?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú sukudiráfà wá."

Abẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la kọ́kọ́ tú kúrò. Ẹ má fi bátìrì sí i lórí tábìlì láìṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ó lè gé èèyàn níka. Mo wá gbé e lọ́wọ́, mo yí imú rẹ̀ sọ́tùn-ún, ìrù sì bọ́ sósì. Ó yẹ kí orí mọ́tò ẹ̀yìn tẹ̀ sọ́tùn-ún, kó lè ti ìrù padà. Òsì ló tẹ̀ sí! Gyroscope, ohun tó ń mọ̀ bí nǹkan bá ń yí, nínú bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀ mọ̀ pé ó ń yí, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó ń ṣe ló ń dá kún yíyí náà. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo yí ìhà tí servo ń lọ padà, mo tún un dán wò nígbà mẹ́ta.

Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, torí atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ máa ń ta padà láti ilẹ̀, á sì máa mì ín. Mo gbé e dé ìwọ̀n àyà. Ó dúró. Ó kàn dúró ságbede afẹ́fẹ́, ó ń kùn bí oyin, rìbọ́ọ̀nù pupa tí mo so mọ́ apá iwájú rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ rárá.

Nígbà tí mo yí imú rẹ̀ kọjú sí mi, ọ̀tún rẹ̀ di òsì mi. Mo ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ lápá òsì mi. Kíá ni mo yí i padà, mo sì fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Aago mi dún, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí koríko, mo pa mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e kí n tó yọ bátìrì. Bó ṣe ń yí i wò, mọ́tò ẹ̀yìn ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí òdìkejì ọwọ́ rẹ̀.