Ìgbà wo gan-an ló dì? Bí mo ṣe wọn ike ajẹrà nígbà tó ń tutù

Iṣẹ́ náà kò le létí rárá: kí n yọ́ ike PLA (polylactic acid, irú ike ajẹrà kan), kí n jẹ́ kó tutù, kí n sọ ìwọ̀n tó dì sí kírísítà. Lẹ́yìn náà, kí n ṣe bákan náà fún èyí tí wọ́n po PBS (polybutylene succinate, ike ajẹrà mìíràn) mọ́, PLA 80, PBS 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta máa tó o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ike wọ̀nyí bá yọ́, okùn mólékù wọn á lọ́ pọ̀ bí òwú tó ta kókó. Bó bá ń tutù, apá kan nínú okùn náà á ká léra wọn létòlétò, òun là ń pè ní kírísítà. Èyí tí kò ráyè tò á kàn gan bí gíláàsì. PBS kì í fi àkókò ṣòfò. PLA ní tirẹ̀, ọ̀lẹ ni. Láàrin 100 sí 120 °C ló ti ń tò dáadáa jù. Tó bá fi máa wálẹ̀ dé nǹkan bí 60 °C, okùn rẹ̀ kò lè mira mọ́. Bí mo bá wá ń tù ú ní 10 °C ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì péré ló fi ń la ibi tó dára yẹn kọjá.

DSC (differential scanning calorimeter) ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ yìí ń wo ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lára ike, ó ń fi í wé abọ́ alumíníọ́mù kékeré kan tó ṣófo, ó sì ń fi ìlà yà á: kòtò ni ibi tí ooru ti wọlé, òkè ni ibi tó ti jáde. Mo kọ́kọ́ fi índíọ́mù dán an wò, nítorí 156.6 °C ni índíọ́mù ń yọ́. Bí ẹ̀rọ bá sọ ohun mìíràn, ẹ̀rọ ló ń purọ́. Mo gé ike bíi mílígíráàmù mẹ́fà, mo tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó lè fara kan ìsàlẹ̀ abọ́. Mo gbé e lọ sí 200 °C nínú afẹ́fẹ́ náítírójìn, mo dá a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó gbàgbé gbogbo ohun tójú rẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀, mo wá tù ú dé 20 °C, mo sì tún gbé e gbóná.

Ní ìgbóná kejì yìí, kòtò ńlá kan yọ ní nǹkan bí 168 °C, ibi tí kírísítà ti ń yọ́. Ooru tó wọ̀ ọ́ jẹ́ júùlù (òṣùwọ̀n ooru) 31 fún gíráàmù kan. Bí PLA bá jẹ́ kírísítà látòkè délẹ̀, nǹkan bí 93 làwa ń lò. Mo pín in, mo rí 33 nínú ọgọ́rùn-ún, inú mi dùn, mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi.

Wọn ò tiẹ̀ wo ìṣirò mi. Wọ́n ní, “Fi ìlà ìtútù hàn mí. Ibo ló ti dì níbẹ̀?”

Mo wò ó. Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, àfi àtẹ̀gùn kékeré kan lẹ́bàá 60. Kò sí ooru tó jáde níbì kankan. Ìgbóná kejì náà, tí mo wá fara balẹ̀ wò ó, ní òkè kan ní 110 °C kó tó dé kòtò yẹn. Júùlù 28 ló jáde níbẹ̀. Ike mi kò dì nígbà tó ń tutù. Ìgbà tí mo tún ń gbé e gbóná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí okun tò. 31 yọ 28, ó ku 3, ìyẹn nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti fi ìlọ́po mẹ́wàá purọ́.

Láti ọjọ́ náà, ìlà ìtútù ni mo ń kọ́kọ́ wò. Ní 2 °C ní ìṣẹ́jú kan, PLA náà gbìyànjú: òkè fífẹ̀ kan hàn lẹ́bàá 100. Mo fi páúdà tálíkì díẹ̀ sí òmíràn, kódà ní 10 °C ní ìṣẹ́jú kan, òkè rẹ̀ mú ṣóńṣó, torí kírísítà ti ríbi dì mọ́.

Àpòpọ̀ ló fojú mi rí màbo. Ibi tí PLA ti ń tú ooru jáde ní ìgbóná kejì ti sún mọ́ 100, PBS sì ń yọ́ ní nǹkan bí 114, nítorí náà òkè ọ̀kan ń jẹ kòtò èkejì. Ẹ ò lè fi rúlà pín in. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tù ú dé 90 péré, mo sì yí i padà sókè lójú ẹsẹ̀. PBS kò tíì dì níbẹ̀, ìsàlẹ̀ 85 ló ti ń dì ní ìyára yìí, nítorí náà kò ní ohun tó máa yọ́ ní 114. Ohun díẹ̀ tí PLA ìbá ṣe láàrin 90 sí 60 sọnù lóòótọ́, mo fara mọ́ ọn. Mo sì rántí pé 93 gbọ́dọ̀ di 74.4, torí 80 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni PLA tó wà níbẹ̀.

Ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ. Àpòpọ̀ mi kan ń dì yára ju bó ti yẹ lọ, mo sì ti ń múra láti yin PBS. Mo wá tẹ̀ ẹ́ sáàárín gíláàsì méjì, mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, mo yọ́ ọ, mo sọ ooru rẹ̀ kalẹ̀ sí 125 °C. Gbogbo rẹ̀ kọ́kọ́ dúdú. Nígbà tó yá, àmì funfun tín-tìn-tín yọ, wọ́n ń fẹ̀ yípo, àgbélébùú dúdú wà láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi kanra tí ẹnu ààlà wọn sì gún. Mo ń wò wọ́n tẹnu mi là. Àmọ́ ìfófòó kékeré-kékeré ló kún àárín wọn.

Omi ni. Mi ò gbẹ ike náà. Bí PLA tó lọ́rinrin bá yọ́, omi á máa gé okùn rẹ̀, okùn kúkúrú sì máa ń tètè tò. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, 60 °C, mọ́jú, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpòpọ̀ náà ṣì yára ju PLA nìkan lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni. Àwọn abọ́ tí kò gbẹ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo fi gègé pupa kọ “má lò” sára ìdérí wọn.